Ta Ni Ó Yẹ Kí Ó Tú Àrokò? Iye, Iyì, àti Ìjọba Tí Ń Gbọ́ Ọ̀rọ̀ Wa

Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Bí wọ́n bá pa òwe yìí, ìwà ni ó sábà máa ń wá sí wa lọ́kàn: ọmọ tí ó ya ìpáǹle, ọmọ tí kò gbọ́ràn sí òbí lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹ tún òwe náà gbọ́. Títà ni ó ń sọ. Ọmọ náà lè má jẹ́ olè, ó sì lè má jẹ́ ọ̀mùtí. Ohun tí ó ṣe é ni pé kò mọ iyì ohun tí ó wà níkàáwọ́ rẹ̀, ẹni tí ó mọ̀ ọ́n sì wá bá a pẹ̀lú owó pọ́ọ́kú.

Mo rántí òwe yìí nítorí ọjà kan tí gbogbo wa ń tà lójoojúmọ́ láìnájà. Ọ̀rọ̀ àṣírí wa ni: ẹni tí a pè lórí fóònù, ibi tí a sùn, ohun tí a kọ ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ wa lóru. Àwọn ilé-iṣẹ́ ń gbà á lọ́wọ́ wa, ìjọba náà sì ń gbà á. Mo fẹ́ fi ìtàn hàn nínú àròkọ yìí pé ẹ̀kọ́ tí a fi ń kọ́ ọmọ lọ́jà àti ìbéèrè tí ó yẹ kí a máa bi olóṣèlú nípa ṣíṣọ́ ará ìlú, ọ̀kan náà ni wọ́n.

Ilé ẹ̀kọ́ tí ń bẹ lọ́jà

Kí owó bébà tó dé, owó ẹyọ ni àwọn baba ńlá wa ń ná. Ogójì owó ẹyọ ni wọ́n ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn di ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá sì di ọ̀kẹ́ kan. Ọmọ tí ó ń bá ìyá rẹ̀ pàtẹ kò nílò tíṣà kan kí ó tó mọ ìṣirò yìí, nítorí pé bí ó bá ṣì í kà, ilé wọn ni àdánù náà yóò dé. Àmì ìṣirò náà ṣì wà lẹ́nu wa. Bí a bá sọ pé ọ̀kẹ́ àìmọye, àpò owó ẹyọ tí kò níye ni à ń pè. Àádọ́ta ọ̀kẹ́ ni ọ̀pọ̀ akọ̀wé Yorùbá sì ń pe mílíọ̀nù kan títí di òní.

Nígbà tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859, 120 owó ẹyọ ni wọ́n ń ta ẹ̀dà kan, èyí tí í ṣe okùn mẹ́ta. Ẹni tí ó bá fẹ́ mú okùn mẹ́ta jáde ní láti kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè pé, kí ni bébà yìí yóò ṣe fún mi tí oúnjẹ okùn mẹ́ta kò ní ṣe? 120 ni iye rẹ̀. Ìdáhùn sí ìbéèrè náà ni iyì rẹ̀.

Èdè wa ti pààlà sí nǹkan méjì yìí tipẹ́. Iye ni ohun tí a lè kà, tí a lè san, tí a lè gba ṣéńjì rẹ̀. Iyì ni ohun tí nǹkan jẹ́ fún ẹni tí ó ni ín. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ní ẹni tí ó mọ iyì wúrà ni à ń tà á fún. Ẹni tí ó mọ iye rẹ̀ nìkan lè fi yọ́ ṣíbí.

Mo rántí ìgbà àkọ́kọ́ tí ìyá mi dá mi rán sọ́jà láti ra gàrí. Mo nájà, mo rí ẹ̀dínwó gbà, mo sì ń fò fáyọ̀ bọ̀ wálé. Nígbà tí mo dé, ìyá mi da gàrí náà sínú kóńgò tiwa. Kò kún un. Òǹtajà náà ti lu ìdí kóńgò tirẹ̀ wọnú. Ìyá mi kò nà mí. Ohun tí wọ́n sọ kò ju gbólóhùn kan lọ: "Iye owó ni o bèèrè, o kò wo ìdí kóńgò." Mo ti ṣiṣẹ́ ìròyìn fún ọ̀pọ̀ ọdún láti ìgbà náà, n kò sì tí ì gba ẹ̀kọ́ tí ó wúlò fún iṣẹ́ náà ju èyí lọ.

Owó ẹyọ mẹ́fà

Owó ẹyọ kan náà tí wọ́n fi ń ra iṣu ni wọ́n tún fi ń pa àrokò. Ẹni tí ó bá sín owó ẹyọ mẹ́fà sórí okùn, tí ó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, ń sọ fún un pé ọkàn òun fà sí i, nítorí pé "fà" wà nínú "ẹẹ́fà". Bí ẹni tí ó gbà á bá fi mẹ́jọ dá a lóhùn, ó ní èrò àwọn jọ. Owó ẹyọ méjì tí ó kọjú síra wọn ń sọ̀rọ̀ ìbátan àti ìpàdé. Bí wọ́n bá kẹ̀yìn síra wọn, ìyapa ti dé.

Ẹ gbé owó ẹyọ mẹ́fà náà lọ sọ́jà, kò lè ra ohun kan tí ó ní láárí. Bẹ́ẹ̀, ọkàn odidi ènìyàn ni ó wà lórí okùn náà. Ìránṣẹ́ tí ń gbé e lọ sábà máa ń jẹ́ ẹni tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó jẹ́ iṣẹ́ tí a rán an. Ẹni tí a fi àrokò ránṣẹ́ sí nìkan ni ó ní ẹ̀tọ́ láti tú u. Bí ẹlòmíràn bá dá ìránṣẹ́ náà dúró lọ́nà, tí ó tú u wò, tí ó sì tún un dì bí ó ti wà, kò sí ẹyọ kan tí ó dín níbẹ̀. Síbẹ̀, ó ti jí nǹkan.

Àwọn ènìyàn wa máa ń sọ pé, "Èmi kò kúkú ní nǹkan tí mò ń fi pamọ́, bí ìjọba bá fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ mi, kí wọ́n gbọ́." Ẹni tí ó fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ kò dẹ́ṣẹ̀ kankan, ṣùgbọ́n kò sín in kí gbogbo ọjà lè kà á. Àṣírí yàtọ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀. Aláìsàn ní àṣírí, ẹni tí ó jẹ gbèsè ní àṣírí, ẹni tí ó mọ ibi tí olóṣèlú kó owó ìlú sí tí ó fẹ́ sọ fún akọ̀ròyìn náà ní àṣírí. Bí a bá ti gbà pé ọ̀rọ̀ wa kò níyì, iyekíye tí ẹni tí ó fẹ́ rà á bá pè ni a ó gbà.

Láti ayé ológun dé ayé fóònù

Ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 1976, àwọn ológun tí ó fẹ́ gbàjọba yìnbọn pa Ọ̀gágun Murtala Mohammed ní ìlú Èkó. Lọ́dún náà gan-an ni ìjọba dá àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí wọ́n ń pè ní NSO sílẹ̀. Ààbò ni ìdí tí wọ́n fi dá a sílẹ̀, ìdí náà sì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ta ni yóò sọ pé kí ìjọba má wádìí àwọn tí ó pa olórí orílẹ̀-èdè? Ṣùgbọ́n nígbà tí yóò fi di ọdún 1984, orúkọ àjọ náà ti di ẹ̀rùjẹ̀jẹ̀ létí àwọn akọ̀ròyìn àti àwọn olóṣèlú tí kò mú ìbọn kankan lọ́wọ́. Ní ọdún 1986, Ọ̀gágun Babangida tú u ká, ó sì fi òfin ológun kọkàndínlógún pín iṣẹ́ rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta. Àwọn àjọ mẹ́ta náà wà títí di òní: SSS, NIA àti DIA. Kò sí ilé aṣòfin nígbà náà tí yóò béèrè pé èló ni, fún kí ni, títí di ìgbà wo.

Ní ọdún 1984 kan náà, ìjọba Ọ̀gágun Buhari gbé òfin ológun kẹrin jáde. Lábẹ́ òfin yìí, bí ìròyìn bá sọ òṣìṣẹ́ ìjọba di ẹni yẹ̀yẹ́, akọ̀ròyìn lè wọ ẹ̀wọ̀n. Tunde Thompson àti Nduka Irabor ti ìwé ìròyìn The Guardian kọ̀wé nípa àwọn tí ìjọba fẹ́ yàn ṣe aṣojú sí òkè òkun. Àwọn aláṣẹ fẹ́ mọ ẹni tí ó sọ ọ̀rọ̀ náà fún wọn, wọ́n kọ̀, wọn kò dárúkọ rẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀wọ̀n ọdún kan jura, ilé-iṣẹ́ wọn sì san 50,000 náírà. Ẹ wo ìṣirò tí àwọn ọkùnrin méjì yìí ṣe. Orúkọ ènìyàn kan ni ọjà tí wọ́n fẹ́ rà lọ́wọ́ wọn, òmìnira tiwọn sì ni owó tí wọ́n fẹ́ fi rà á. Wọ́n ní ọjà náà kò ṣe é tà.

Nígbà tí ìjọba alágbádá padà dé ní ọdún 1999, apá kẹtàdínlógójì ìwé òfin orílẹ̀-èdè sọ ọ́ kedere pé a dáàbò bo àṣírí ọmọ Nàìjíríà, ilé rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí tẹlifóònù àti wáyà tí ó bá tẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní oṣù kẹjọ ọdún 2001, fóònù alágbèéká dé. Ohun tí ó jẹ́ ti àwọn díẹ̀ di ti gbogbo ènìyàn, láti orí bàbá olóko dé orí ìyá aláta.

Láti ìgbà náà ni a ti ń tà díẹ̀díẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 2011, wọ́n ní kí oníkálukú wá ya àwòrán, kí ó sì tẹ ìka rẹ̀ kí síìmù rẹ̀ tó lè ṣiṣẹ́. Òfin tí ó gbógun ti ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 2015, ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ máa tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹni tí ó pe ẹni àti ìgbà tí ó pè é fún ọdún méjì. Ní ọdún 2019, àjọ NCC gbé ìlànà jáde pé kí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ adájọ́ kí ó tó tẹ́tí sí ìpè ẹnikẹ́ni. Ìlànà náà dára, àfi ìdí kóńgò rẹ̀: bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ pàjáwìrì, wọ́n lè kọ́kọ́ tẹ́tí ná, kí wọ́n wá tọrọ ìwé àṣẹ láàárín wákàtí 48. Ta ni yóò sọ fún wa iye ìgbà tí pàjáwìrì ń ṣẹlẹ̀ lọ́dún?

Ní oṣù kejìlá ọdún 2020, ìjọba pàṣẹ pé kí gbogbo ènìyàn so síìmù rẹ̀ pọ̀ mọ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí a ń pè ní NIN. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹrin ọdún 2022, wọ́n dí ìpè lórí ìlà tí ó lé ní mílíọ̀nù 70 nítorí pé àwọn tí ó ni wọ́n kò tí ì ṣe é. Ìlérí tí ó bá àṣẹ náà wá ni pé ọwọ́ yóò máa tètè tẹ àwọn ajínigbé. Gbogbo wa ni a fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ni a mọ ìdílé tí wọ́n jí ẹnìkan gbé níbẹ̀. Ṣùgbọ́n orí fóònù náà ni àwọn ajínigbé ṣì ń gbà béèrè owó ìtúsílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ìdílé yìí. A ti sanwó. Ṣé kò yẹ kí a wo ohun tí wọ́n wọ̀n fún wa?

Mílíọ̀nù 40 dọ́là

Ọ̀ràn kan wà tí ó yẹ kí gbogbo olùdìbò mọ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2013, Elbit Systems, ilé-iṣẹ́ ohun ìjà kan ní Ísírẹ́lì, kéde pé òun ti gba iṣẹ́ tí ó tó nǹkan bí mílíọ̀nù 40 dọ́là láti kó ẹ̀rọ ìtọpinpin fún orílẹ̀-èdè kan ní Áfíríkà. Wọn kò dárúkọ orílẹ̀-èdè náà. Ìwé ìròyìn Premium Times ni ó kọ ọ́ pé Nàìjíríà ni, àti pé ohun tí àwọn ará ìlú ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fẹ́ fi ẹ̀rọ náà máa wò. Ìjọba Ààrẹ Goodluck Jonathan ni ó wà lórí àléfà nígbà náà.

Ọ̀rọ̀ náà dé Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin, wọ́n sì pinnu pé kí ìgbìmọ̀ wádìí rẹ̀. Ariwo gba ìlú fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìròyìn mìíràn dé, a sì tẹ̀ lé ìyẹn lọ. Iye tí wọ́n ra ẹ̀rọ yìí ni gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ bínú sí. Wọ́n ní owó náà pọ̀ jù, pé kí wọ́n fi ṣe ojú ọ̀nà. Èmi náà bínú bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fún ìjọba ní ẹ̀rọ náà lọ́fẹ̀ẹ́ ńkọ́? A mọ iye tí ẹni tí ó fẹ́ tú àrokò san fún ọ̀bẹ. A kò bi ara wa léèrè ohun tí àrokò náà jẹ́ fún àwa tí a ni ín.

Bí àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà ti ṣe é

Ẹlòmíràn lè ní kí ni aṣòfin lè rí mú lọ́wọ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, nígbà tí iṣẹ́ wọn kì í ṣe iṣẹ́ gbangba? Ìbéèrè yìí ní ìdáhùn nínú ìtàn. Ní ọjọ́ 22 oṣù kejìlá ọdún 1974, akọ̀ròyìn Seymour Hersh kọ ọ́ sínú The New York Times pé àjọ CIA ń ṣọ́ àwọn ọmọ Amẹ́ríkà nínú ilẹ̀ wọn. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, ilé aṣòfin àgbà wọn fi ìbò 82 sí 4 dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀, wọ́n sì fi Sẹ́nétọ̀ Frank Church ti ìpínlẹ̀ Idaho ṣe alága rẹ̀.

Ohun tí ìgbìmọ̀ náà rí ba ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́rù. Láti ọdún 1953 sí 1973, CIA já lẹ́tà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 250,000, wọ́n ya àwòrán ohun tí ó wà nínú wọn, wọ́n sì tún wọn lẹ̀. Ilé-iṣẹ́ wáyà mẹ́ta fi ọ̀pọ̀ ọdún kó wáyà àwọn oníbàárà wọn fún ìjọba láìsí ìwé àṣẹ adájọ́. Àjọ FBI gbé ẹ̀rọ agbọ̀rọ̀ sínú yàrá hòtẹ́ẹ̀lì tí Martin Luther King ń sùn sí, wọ́n sì fi lẹ́tà aláìlórúkọ ránṣẹ́ sí i ní ọdún 1964 láti bà á lẹ́rù, lẹ́tà tí òun fúnra rẹ̀ gbà pé wọ́n fi ń rọ̀ ọ́ kí ó pa ara rẹ̀. Ọwọ́ tí ó ní òun ń wá ààbò ìlú ni ó ń ṣe èyí fún ẹni tí kò gbé ohun ìjà rí nínú ìjàkadì rẹ̀ fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí ohun kan. Ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú Democrat ni Church. Robert Kennedy, tí ó fọwọ́ sí i ní ọdún 1963 pé kí wọ́n máa tẹ́tí sí fóònù King, ọmọ ẹgbẹ́ kan náà ni. Church kò tìtorí ẹgbẹ́ bo ìdí kóńgò. Ìgbìmọ̀ náà pe àwọn olórí àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ síwájú gbogbo ayé, ó sì tẹ àbájáde ìwádìí rẹ̀ jáde ní ọdún 1976 kí ará ìlú lè kà á. Lọ́dún náà ni ilé aṣòfin àgbà dá ìgbìmọ̀ tí yóò máa mójú tó àwọn àjọ náà títí lọ sílẹ̀. Ní ọdún 1978, òfin dé pé kí ìjọba gba àṣẹ ilé ẹjọ́ kí ó tó máa tẹ́tí gbọ́ ọ̀rọ̀ ará ìlú nítorí iṣẹ́ amí.

Gbogbo èyí kò parí ọ̀rọ̀ náà. Ní oṣù kẹta ọdún 2013, Sẹ́nétọ̀ Ron Wyden bi James Clapper, olórí gbogbo ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà, léèrè bóyá wọ́n ń kó àkọsílẹ̀ nípa ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọmọ orílẹ̀-èdè náà jọ. Clapper ní rárá, kì í ṣe pé àwọn mọ̀ọ́mọ̀. Ní oṣù kẹfà, ìwé tí Edward Snowden mú jáde fi hàn pé wọ́n ń kó àkọsílẹ̀ ìpè wọn jọ lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ẹnìkan ti béèrè ní gbangba, ìdáhùn sì ti wà lákọsílẹ̀. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe rí irọ́ náà dì mú, tí wọ́n sì fi òfin tuntun dá kíkó náà dúró ní ọdún 2015.

Ìbéèrè mẹ́rin

Kí ni kí a wá ṣe? Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé, nítorí ilé ni a ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde. Láìpẹ́ yìí, mo bá ọmọ mi níbi tí ó ti ń kọ ọjọ́ ìbí rẹ̀, orúkọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ àti nọ́ńbà ìyá rẹ̀ sórí fóònù kí ó lè rí eré ìdárayá kan ṣe. Mo bi í pé èló ni wọ́n ń ta eré náà. Ó ní, "Bàbá mi, ọ̀fẹ́ ni." Òfin tí ó ń dáàbò bo àkọsílẹ̀ ará ìlú, tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2023, ní kí wọ́n gba àṣẹ òbí kí wọ́n tó gba irú nǹkan báyìí lọ́wọ́ ọmọdé. Ṣùgbọ́n òfin kò sí nínú yàrá pẹ̀lú ọmọ. Ẹ̀kọ́ nìkan ni ó lè wà níbẹ̀.

Ìbéèrè mẹ́rin ni mo kọ́ ọ, ọjà ni mo sì ti kó gbogbo wọn wá. Kí ni mo fẹ́ fi sílẹ̀ gan-an? Kí ni mo fẹ́ gbà, ṣé mo sì nílò rẹ̀? Ta ni ó ń di kóńgò mú, ṣé mo lè wo ìdí rẹ̀? Bí ọjà bá bàjẹ́, ṣé mo lè dá a padà? Ọmọ ọdún mẹ́jọ lè béèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nídìí gàrí. Bí ó bá mọ́ ọn lára, yóò béèrè wọn nídìí fóònù.

Àwa àgbà ni ó kù tí kò tí ì béèrè wọn lọ́wọ́ àwọn tí a dìbò fún. Apá kejìdínláàádọ́rùn-ún ìwé òfin fún àwọn aṣòfin ní agbára láti wádìí bí àwọn àjọ ìjọba ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ lọ bá aṣojú-ṣòfin yín nígbà tí ó bá wá sílé. Ẹ má ṣe béèrè ẹ̀rọ ìránṣọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ béèrè pé: kí ni ìgbìmọ̀ ọdún 2013 rí? Ẹ̀rọ wo ni ìjọba ní lónìí, ta ni wọ́n sì ń fi ṣọ́? Ìwé àṣẹ mélòó ni àwọn adájọ́ fọwọ́ sí lọ́dún tó kọjá, pàjáwìrì mélòó ni ó wáyé? Bí wọ́n bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tí kò ṣẹ̀, ta ni yóò sọ fún un, ta ni yóò sì san án padà? Kò sí ìbéèrè kan nínú wọn tí yóò tú àṣírí ààbò ìlú. Iye ni gbogbo wọn ń béèrè, ìjọba sì mọ iye.

Ẹni tí kò bá béèrè nísinsìnyí yóò rí wọn nígbà ìdìbò pẹ̀lú àpò ìrẹsì lọ́wọ́. Ìrẹsì náà ní iye, ẹnikẹ́ni lè wọ̀n ọ́n. Ìbò tí wọ́n fẹ́ fi rà, ọ̀rọ̀ tí a sọ nínú yàrá wa, orúkọ ẹni tí ó fọkàn tán wa, iyì ni wọ́n ní. Bí ọmọ bá dàgbà tí ó mọ ìyàtọ̀ yìí, kò sí ẹni tí yóò lè ra ilé náà lọ́wọ́ rẹ̀.